Bí a ṣe yan ohun tí a fi tún kọ̀ǹpútà géèmù kan ṣe ní Ìkòròdú

Kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní apá Ìgbógbó ní Ìkòròdú, tó ń fi í gbá géèmù lálẹ́, tó sì ń fi í gé fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú lọ́sàn-án kí owó lè wọlé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kò burú rárá: processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 2600, motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà wọ̀ mọ́) B450, RAM (ìrántí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́) 8GB ẹyọ kan ṣoṣo, graphics card (káàdì tó ń ya àwòrán sójú mọ́nítọ̀) GTX 1050 Ti tó ní ìrántí 4GB tirẹ̀, háàdì díìsì 1TB, àti power pack (àpótí tó ń pín iná fún gbogbo wọn) kan tí wọ́n kọ 500W sí lára. Mọ́nítọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1920×1080, ti 60Hz. Ó ní géèmù bọ́ọ̀lù máa ń dúró gbagidi láàárín eré kó tó tún máa lọ, pé géèmù ogun tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun jọ ń gbá kò ṣeé wò mọ́, àti pé fídíò tí òun bá ti gé tán máa ń pẹ́ kọjá àlà kó tó jáde. Owó tó wà nílẹ̀ jẹ́ 600,000 náírà, tí ìyá rẹ̀ tó ń tajà ní Sábó fi lára owó ọjà rẹ̀ kún.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bá a kọ ohun tí yóò rà sínú fóònù: motherboard AM5, processor tuntun, RAM DDR5, àti graphics card RTX 3060. Ohun tó dára ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n AM5, irú ihò tuntun fún processor Ryzen tí AMD tó ń ṣe é gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, kì í gba RAM mìíràn yàtọ̀ sí DDR5, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ra motherboard, processor àti RAM pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó tó wá kan graphics card. Bí a bá ná 600,000 náírà náà báyìí, orí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ni yóò tán sí, GTX 1050 Ti àtijọ́ yóò sì wà níbi tó wà, àwòrán géèmù kò sì ní yàtọ̀ sí ti àná. Mo sọ fún un pé kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń fa àwọn yòókù sẹ́yìn, kí a tó mú owó jáde.

A tan kọ̀ǹpútà náà, a ṣí géèmù ogun náà, a sì lo MSI Afterburner láti fi iṣẹ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ń ṣe hàn sí igun mọ́nítọ̀. Graphics card ń ṣe ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún, 4GB inú rẹ̀ ti kún bámúbámú, processor kò sì kọjá nǹkan bí ìdá 45, nígbà tí iye frame (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan) tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń lọ láàárín 35 sí 40. Èyí nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí pé processor tó ní core (ọwọ́ ìṣiṣẹ́) mẹ́fà lè fi ìdá 45 hàn lápapọ̀ nígbà tí core kan nínú wọn ti rẹ̀ pátápátá. Nítorí náà a dín ìwọ̀n àwòrán géèmù kù sí 1280×720, láìfọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Bí processor ló bá ń dí ọ̀nà, frame kò ní pọ̀ sí i, torí iṣẹ́ processor kò dín kù pẹ̀lú bí àwòrán ṣe kéré. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dín in kù, frame gòkè kọjá 65. Graphics card ló ń dí ọ̀nà nínú géèmù yẹn, kò sí àríyànjiyàn. Ìdánwò yìí kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra ọjà olówó gọbọi láìṣe é.

Ọ̀rọ̀ géèmù bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí èyí. Níbẹ̀, graphics card ń rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, frame sì dára títí tí géèmù yóò fi dúró gbagidi. Nígbà tí a wo Task Manager, RAM ti lo ohun tó lé ní 7.5GB nínú 8GB, Windows sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tí kò rí àyè mọ́ nínú RAM lọ sórí háàdì díìsì, tí háàdì díìsì náà sì wà ní ìdá 100. Háàdì díìsì tó ń yí bírí-bírí kì í sábà kà ju nǹkan bí 100MB sí 150MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ohun tó ń kà bá tò tẹ̀ léra wọn, èyí tí kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí géèmù ń wá fáìlì kéékèèké káàkiri. Ibẹ̀ ni ìdádúró náà ti ń wá. Ìyẹn ni pé ẹ̀dùn ọkàn méjì tó gbé wá ní orísun méjì, RTX 3060 tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ sílẹ̀ kò sì ní wo ti bọ́ọ̀lù sàn.

Kí a tó mẹ́nu kan graphics card kankan, mo tú power pack rẹ̀ jáde, mo gbé e sórí tábìlì, mo sì ní kó kà á fún mi fúnra rẹ̀. Ó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bọ́tìnnì pupa kékeré tí a fi ń yàn láàárín 115V àti 230V wà. Ní ara bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, 500W ni wọ́n kọ gàdàgbà sókè, ṣùgbọ́n nínú ìlà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀, +12V kò ju 16A lọ, nígbà tí wọ́n kọ 30A fún +5V. Ìlà kékeré yẹn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé graphics card àti processor ti òde òní ń gba iná wọn láti orí 12V. Fólìtì (V) lọ́nà áńpìà (A) ni wáàtì (W): 12 lọ́nà 16 jẹ́ 192. Power pack tí wọ́n ń pè ní 500W kò lè fún àwọn méjèèjì ní ju 192W lọ, bí a bá tilẹ̀ gbà pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ. GTX 1050 Ti ń lo 75W péré, tó ń gbà láti inú ihò motherboard, ìdí nìyẹn tí power pack náà fi ń gbé e láti ọjọ́ yìí. Bí a bá fi káàdì tó ń lo 132W, bíi èyí tí a wá rà nígbẹ̀yìn, sí i, tí Ryzen 5 2600 náà sì ń lo nǹkan bí 88W nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, 220W ti pé, a kò sì tíì ka fáànù àti motherboard mọ́ ọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí ló máa ń jẹ́ kó kú fúnra ẹ̀ tí iná bá ti lọ sílẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kan án.

Ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ sílẹ̀ yìí kò ṣeé fojú fò fún ẹni tó ń gbé ní Ìkòròdú. Lóòótọ́, àdúgbò wa ni ilé iṣẹ́ iná Ẹgbin wà, lápá Ìjẹ̀dẹ̀, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,320MW, tó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jùlọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n inú wáyà àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ni iná ibẹ̀ ń wọ̀ kó tó padà wá bá wa láti orí tiransífọ́mà àdúgbò, nítorí náà ìsúnmọ́ Ẹgbin kò sọ pé kí iná ilé wa dúró ṣinṣin. Nígbà tí gbogbo ilé bá tan fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù lálẹ́, iná tó yẹ kó jẹ́ nǹkan bí 230V lè rọ̀ sílẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, tí gílóòbù yóò sì máa tàn pupa. Power pack olówó pọ́ọ́kú kì í fara da irú rẹ̀. Power pack tó bá ní ohun tí wọ́n ń pè ní active PFC, tí wọ́n sì kọ 100–240V sí ara rẹ̀, máa ń ṣiṣẹ́ lọ láìka pé iná lọ sílẹ̀ sí. Kí ẹni tó ń rà á ṣọ́ra níhìn-ín gan-an, nítorí pé àwọn kan wà tó jẹ́ active PFC, tí páálí wọn sì rẹwà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ 200–240V ni wọ́n kọ sí wọn lára. Ìyẹn kò ní ran ẹni tí iná rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ lọ́wọ́. Ara power pack gan-an ni kí ó kà á, kì í ṣe ara páálí.

Èyí tí a yàn jẹ́ 550W, 80 Plus Bronze (àmì pé kì í fi iná púpọ̀ ṣòfò), +12V rẹ̀ jẹ́ 45A, ìyẹn 540W, iná tó lè wọ̀ ọ́ jẹ́ 100–240V, ó sì ní wáyà 8-pin fún graphics card láìlo àsopọ̀ kankan. Tuntun ni a rà á, nínú páálí. Mo fara mọ́ ọjà tòkunbọ̀ fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n n kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra power pack tòkunbọ̀, nítorí pé kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ń gbó pẹ̀lú ooru àti ọdún, kò sì sí bí ojú ṣe lè rí i láti ìta. Bí ohun mìíràn bá bàjẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, òun nìkan ló sábà máa ń bàjẹ́. Power pack tó bá bàjẹ́ lè kó motherboard àti graphics card lọ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Ó wá kan graphics card, ibẹ̀ ni a sì ti jókòó pẹ́ jù. Káàdì mẹ́rin ni a gbé yẹ̀ wò. RX 580 ti ọdún 2017 ni owó rẹ̀ kéré jù, 8GB sì ni, ṣùgbọ́n 185W ló ń lo, ó sì ti gbó. Ohun tó tún mú mi kọ̀ ọ́ ni pé oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní RX 580 2048SP, tó jẹ́ pé RX 570 ni agbára rẹ̀ ní tòótọ́, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń wá láti Ṣáínà. RX 6500 XT ti oṣù kìíní ọdún 2022 jẹ́ tuntun lójú, àwọn tó ń tà á sì máa ń yìn ín gan-an, ṣùgbọ́n káàdì yẹn kò bá motherboard B450 mu rárá. Ọ̀nà PCIe, ìyẹn ọ̀nà tí dátà ń gbà láàárín káàdì àti motherboard, mẹ́rin péré ni wọ́n fi sí i lára. Lórí motherboard tó ní PCIe 4.0, ọ̀nà mẹ́rin yẹn lè tó. Lórí B450 tó jẹ́ PCIe 3.0, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń gbé ìdajì ohun tó yẹ kó gbé, àti pé níwọ̀n bí 4GB inú káàdì náà ti ń tètè kún, tó sì ní láti máa sáré lọ mú nǹkan nínú RAM kọ̀ǹpútà, ojú ọ̀nà tóóró yẹn gan-an ni yóò ti dí. Láfikún, kò ní ẹ̀yà tó ń ran fídíò lọ́wọ́ láti jáde kíákíá, èyí tí ẹni tó ń gé fídíò jẹun kò gbọ́dọ̀ ṣàìní.

Ó ku RX 6600 àti RTX 3060. RX 6600, ti oṣù kẹwàá ọdún 2021, ní 8GB, ó ń lo 132W, ọ̀nà PCIe mẹ́jọ ló sì ní, tó fi jẹ́ pé ohun tó ń pàdánù lórí PCIe 3.0 kéré púpọ̀. RTX 3060, ti oṣù kejì ọdún 2021, ní 12GB, ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, ó sì ń lo 170W. Mo sọ òtítọ́ fún un pé fún iṣẹ́ fídíò, RTX 3060 ló dára jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà inú àwọn ẹ̀rọ ìgéfídíò ni wọ́n ti kọ́ mọ́ CUDA, ètò tí Nvidia ṣe fún káàdì tirẹ̀ nìkan, àti pé 12GB ń gba fídíò 4K láyè dáadáa. Bó bá jẹ́ pé fídíò nìkan ló ń ṣe, òun ni à bá rà. Ṣùgbọ́n fídíò 1080p (1920×1080) ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbà, géèmù ló sì ń gba àkókò rẹ̀ jù, owó tí wọ́n ń pè lórí RTX 3060 tòkunbọ̀ lásìkò náà sì pọ̀ tó láti jẹ owó SSD, ibi ìpamọ́ tó yára ju háàdì díìsì lọ tí a ṣì fẹ́ rà, mọ́ ọn. Ohun tó wá dá a pátápátá ni ìnfátà ilé wọn.

Ìnfátà náà jẹ́ 1kVA, bátìrì kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀, 12V, 220Ah. Ìyẹn jẹ́ 2,640Wh lórí ìwé, ṣùgbọ́n bátìrì olómi kò yẹ kó máa lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ bí a bá fẹ́ kó pẹ́, ìnfátà fúnra rẹ̀ sì ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ohun tó kù fún ìlò kò ju nǹkan bí 1,120Wh lọ. Kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ tó ń fa 310W láti ara ògiri yóò lo ìyẹn tán ní nǹkan bí wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀, bí a kò bá tilẹ̀ tan fáànù. Bí a bá fi 38W tó wà láàárín káàdì méjèèjì kún un, pẹ̀lú ohun tí power pack ń sọ di ooru, wákàtí náà á tún dín kù. Lójú ẹni tí iná máa ń lọ lóru, tí owó epo bẹntiróòlù sì ti ga láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní ọdún 2023, 38W kì í ṣe ohun kékeré. RX 6600 la mú.

Ohun kan wà tí kò gbówó rárá, tó sì ṣe é láǹfààní lórí ọ̀rọ̀ iná yìí. Mọ́nítọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60Hz, tó túmọ̀ sí pé kò lè fi ju frame 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí graphics card bá ń gbé 95 jáde, èyí tó lé ní 60 ń ṣòfò, iná tí a fi ṣe é sì ti lọ. Nínú ètò Radeon tó ń bá káàdì AMD wá, a fi ààlà sí frame ní 60. Mítà tí a kì bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri fi hàn pé ohun tí gbogbo rẹ̀ ń fà bọ́ láti nǹkan bí 310W sí nǹkan bí 250W nínú géèmù ogun náà, fáànù káàdì náà sì rọlẹ̀. Lórí bátìrì yẹn, ó fi nǹkan bí wákàtí kan kún eré rẹ̀.

RAM kò pẹ́ wa. 8GB tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ DDR4-2400 ẹyọ kan, tó ń gbé 19.2GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹyọ méjì tó jẹ́ 8GB, DDR4-3200, tí a fi sí ihò kejì àti ìkẹrin láti apá processor, ń gbé 51.2GB, àwọn Ryzen sì ń jàǹfààní èyí ju ọ̀pọ̀ lọ torí pé ọ̀nà tó so àwọn core wọn pọ̀ ń sáré ní ìwọ̀n tí RAM bá ń sáré. Tòkunbọ̀ ni a rà, nítorí pé RAM kì í ní ohun tó ń yí tàbí tó ń gbó, MemTest sì máa ń tú àṣírí èyí tó bá ti bàjẹ́. Kí ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀ má gbàgbé láti tan XMP, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára, nínú BIOS (ètò inú motherboard tó ń jí kọ̀ǹpútà), bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ̀n kékeré ni RAM náà yóò máa lò, tí olówó rẹ̀ kò sì ní mọ̀.

SSD ni ti ọjà tuntun kejì, NVMe 1TB, nítorí pé SSD tòkunbọ̀ ti lè lo ọ̀pọ̀ nínú iye dátà tí a lè kọ sí i tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ihò M.2 orí motherboard náà ń gba NVMe PCIe 3.0, tó lè kà tó nǹkan bí 3,500MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti SATA kò ju nǹkan bí 550MB lọ. Àwọn méjèèjì jọra lójú débi pé wọ́n lè fi ọ̀kan tà fún ọ̀kan, yálà olùtajà mọ̀ tàbí kò mọ̀. Kí a wo ẹnu rẹ̀ tó ń wọ inú ihò: NVMe tó wọ́pọ̀ máa ń ní àlàfo kan ṣoṣo níbi tí irin wúrà náà ti já, SATA sì sábà máa ń ní méjì. A kò pa háàdì díìsì àtijọ́ tì. Orí rẹ̀ ni àwọn fídíò tó ti gé tán ń gbé. Àwọn géèmù rẹ̀ tó ti wà lórí háàdì díìsì ni a sì ṣe àdàkọ wọn sórí SSD tààrà, tí a wá tọ́ka ibi tuntun náà fún Steam, ètò tó fi ń ra géèmù tó sì fi ń ṣí wọn, kó má baà tún fi dátà wa géèmù tó tó 100GB láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá rẹ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ sọ́jà. Ó wo bébà tí mo kọ, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, gbogbo owó yìí, ṣé kọ̀ǹpútà tuntun kọ́ lẹ máa gbé fún un?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, mo sì fẹ́ràn pé ó bi mí kí owó tó jáde. Mo ní, "Màmá, bó bá di ọjọ́ tí ó bá fẹ́ kọ̀ǹpútà tuntun lóòótọ́, mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí a fẹ́ rà yìí ló máa bá a lọ: power pack, SSD àti káàdì náà. RAM nìkan ni kò ní lè lọ, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe jẹ́ kó náwó púpọ̀ lé e." Ó ka owó náà sí i lọ́wọ́ lójú mi.

Ní Computer Village ní Ìkẹjà, ìdàrúdàpọ̀ òpópónà Ọ̀tìgbà kì í jẹ́ kéèyàn ronú, nítorí náà a ti kọ ohun gbogbo sílẹ̀ kí a tó kúrò nílé. RX 6600 àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún wa mọ́ tónítóní, ó ń dán. Nígbà tí mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta sójú oòrùn, orí ìdè (skrúù) mẹ́rin tó di irin atútù mọ́ ọn ti họ, àbàwọ́n funfun kan sì wà ní etí ọ̀kan nínú àwọn ṣípù RAM rẹ̀, bí òógùn tí wọ́n fi ń jó òjé. Wọ́n ti yọ ṣípù náà rí, wọ́n sì ti jó o padà. A dá a padà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èkejì ní eruku lára, ìdè rẹ̀ kò sì tíì rí irin rí. Olùtajà fẹ́ fi ojú Windows nìkan hàn wá kí a sì san owó. Mo ní kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí FurMark, ètò tó ń fi iṣẹ́ ńlá dán káàdì wò, ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí GPU-Z sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. GPU-Z máa ń kọ ọ́ bí káàdì bá jẹ́ ayédèrú, irú èyí tí wọ́n fi káàdì àtijọ́ ṣe tí wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà nínú BIOS. Èyí jẹ́ ojúlówó, 8GB rẹ̀ pé, ibi tó gbóná jù nínú rẹ̀ kò kọjá 84°C nínú ooru ṣọ́ọ̀bù náà, àwòrán kò sì fọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi wa Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, rí, bíi ti ọ̀pọ̀ káàdì tó wọ ọjà lẹ́yìn ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 tí Ethereum kò fi káàdì ṣiṣẹ́ mọ́. Ìyẹn nìkan kò bà mí lẹ́rù. Fáànù àti ohun rírọ̀ tó wà láàárín ṣípù àti irin ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ, méjèèjì sì ṣeé pààrọ̀.

Owó káàdì náà dín díẹ̀ ní ìdajì gbogbo owó tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn power pack, SSD, RAM àti fáànù 120mm kan tí a fi síwájú casing láti máa fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé, ó ṣẹ́ kù nǹkan bí 70,000 náírà, tó gbé fún ìyá rẹ̀ pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí a tò ó tán, géèmù ogun náà ń lọ ní frame 60 láìyẹsẹ̀, lórí ètò àwòrán tó ga, ní 1080p. Géèmù bọ́ọ̀lù kò dúró mọ́, kódà nígbà tí àwọn awòran pápá bá kún ojú mọ́nítọ̀. Fídíò ìgbéyàwó tó máa ń fi òru ọjọ́ kan jáde tẹ́lẹ̀ ń jáde kí ó tó sùn. UPS 650VA rẹ̀ ni mo sọ fún un pé kó mọ ààlà rẹ̀: agbára gidi irú UPS bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí 360W lọ, kì í ṣe láti fi gbá géèmù nígbà tí iná bá lọ, bí kò ṣe láti fi pamọ́ iṣẹ́ kí a sì pa kọ̀ǹpútà, tàbí láti di í mú títí ìnfátà yóò fi gbà á.

Processor ló kù. Nínú àwọn géèmù kan tí èèyàn pọ̀ nínú wọn, Ryzen 5 2600 ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn báyìí pé òun ni ó ń lọ́ra, torí pé káàdì tuntun ti yára jù ú lọ. Ibi tó ń lọ ni Ryzen 5 5600, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2022, tó ní core mẹ́fà, 32MB cache (ìrántí kékeré inú rẹ̀), tí wọ́n sì kọ 65W fún bíi ti àtijọ́, lórí motherboard B450 kan náà, pẹ̀lú RAM kan náà. Àmọ́ BIOS B450 àtijọ́ kò mọ Ryzen 5000, a sì gbọ́dọ̀ mú BIOS náà dójú ìwọ̀n nígbà tí processor àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Kí iná má sì lọ láàárín iṣẹ́ yẹn rárá, nítorí pé motherboard tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́ nígbà tó ń kọ BIOS lè má tan mọ́. A ṣe é ní alẹ́ kan tí bátìrì ìnfátà ti kún, tí kọ̀ǹpútà sì wà lórí UPS, láti orí fláṣì tí a ti sọ di FAT32, lẹ́yìn tí a ti wo ojú ìwé motherboard náà gan-an láti rí i pé BIOS tuntun náà ṣì ń gba 2600, torí àwọn motherboard kan máa ń yọ processor àtijọ́ kúrò láti fi àyè sílẹ̀ fún ti tuntun. Tirẹ̀ gbà á. Ó tan, 2600 ṣì wà lórí rẹ̀ títí di àsìkò tí mo ń kọ èyí, owó tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ sì ti tó ìlàjì owó 5600 tòkunbọ̀.